Oòrùn Ibo Ni Ìyá Ìsàlẹ̀ Fi Ń Ka Ọjọ́?

Nínú ilé tí mo ti dàgbà, kò sí ẹni tí a kì í fura sí. Bàbá mi ń fura sí lánlọ́ọ̀dù, ó ń fura sí mítà iná, ó sì gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ń bá òun rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ ń wá ọ̀nà àtigba iṣẹ́ náà ni. Ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í ra ẹran tí wọ́n ti fi ọ̀rá wé ní súpámákẹ́ẹ̀tì àfi tó bá yí i síwá sẹ́yìn tó sì gbóòórùn rẹ̀. Èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọjú wo àlejò láti ihò ara ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, dé láti Ìwó ni a tó mọ̀ pé eré lásán ni àwa ń ṣe. Ó wá wẹ ọmọ fún ìyá mi nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi Kúbúrá. Kò fọkàn tán omi ẹ̀rọ torí pé ó ń rùn bí oògùn. Kò fọkàn tán tẹlifóònù torí pé kò rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kódà, kò fọkàn tán oòrùn Chicago. Aago mẹ́jọ alẹ́ á ti lù, oòrùn á ṣì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ relé. "Àbẹ̀kẹ́," á pè mí, "bá mi wò ó, ṣé oòrùn yìí ò ní wọ̀ ni?" Bàbá mi fún un ní ìwé tí wọ́n kọ àkókò ìrun sí, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń lọ, níbi àtẹ̀gùn onígi tó gba ẹ̀yìn ilé wa sọ̀ kalẹ̀, á wo òjìji ara igi náà kí ó tó gbà pé ìrun Àyílà ọ̀sán tàbí ti Àlàásárì ìrọ̀lẹ́ ti wọlé. "Aago yín yìí," á ní, "kò kírun rí."

Rogers Park, àdúgbò kan ní Chicago, la wà nígbà náà, lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta, tí reluwé ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn àwo wa máa ń gbọ̀n kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ìró tí mo tún rántí jù lẹ́yìn ti reluwé ni ìró ilé ìsàlẹ̀ wa. Láàárọ̀, agogo kékeré kan á dún níbẹ̀, gbìn-gbìn-gbìn. Lẹ́yìn náà ìkòkò kan á súfèé, hóró kan á sì máa ta pàpà nínú òróró gbígbóná, òórùn rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé bá wa níbi tí a ti ń jẹ ògì. Àǹtí Saroja ló ń gbé ibẹ̀. Opó ni, ará Íńdíà, ó ń ránṣọ nínú ilé rẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń wá láti Devon Avenue. Bẹ́ẹ̀ náà ló ní kí n máa pe òun. Ìyá Àgbà kò fẹ́ mọ orúkọ kankan ní tirẹ̀, Ìyá Ìsàlẹ̀ ló ń pè é, tí inú bá sì bí i, "obìnrin yẹn". Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi agogo pè lójoojúmọ́. Bí Àǹtí Saroja bá gbé ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè wá fún wa nínú abọ́ irin rẹ̀ tó ń dán, Ìyá Àgbà á dúpẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, á dúró kí ilẹ̀kùn padé, á wá dà á sínú ike ìdọ̀tí. Mo ti jẹ nínú rẹ̀ rí kí ó tó dà á. Ó dùn gan-an ni. Mi ò sọ fún un.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Kúbúrá. Àǹtí Saroja gun òkè wá pẹ̀lú nǹkan dídùn nínú abọ́, ó wo ọmọ, ó yìn ín, ó wá béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé wákàtí wo ni wọ́n bí i, àti ìṣẹ́jú tó jẹ́ gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, èmi ni mo sì ń túmọ̀ fún Ìyá Àgbà. Bí mo ṣe túmọ̀ èyí, ojú Ìyá Àgbà le koko. Nílé wa, ta ló ń béèrè ìṣẹ́jú tí wọ́n bí ọmọ ọlọ́mọ? Kí ló fẹ́ fi ṣe? "Sọ fún un," Ìyá Àgbà wí, "pé ìgbà tí wọ́n bí i ni wọ́n bí i." Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àǹtí Saroja rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ọmọ náà sùn sí apá ibi tó wà lókè yàrá obìnrin yẹn gan-an.

Ẹ wá wo wàhálà tó wà nílẹ̀. Ìyá mi gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, shift ọ̀sán ló sì ń ṣe. Bàbá mi kì í tètè délé. Ìwé tí wọ́n fún Ìyá Àgbà láti fi dúró ní Amẹ́ríkà ti ń tán lọ, kí ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ tó parí ló gbọ́dọ̀ padà sílé. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó fẹ́ràn ọmọdé, tí kò sì jìnnà ju àtẹ̀gùn kan lọ, ni Àǹtí Saroja, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti sọ fún ìyá mi pé òun á máa tọ́jú Kúbúrá. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní èrò tirẹ̀. "Tí n kò bá rí ẹni gidi tí mo lè fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀," ó wí lójú gbogbo wa, "ọmọ mi á bá mi relé." Kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa ará Nàìjíríà tó wà ní Chicago nígbà náà. Mo mọ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi tí wọ́n gbé lọ sílé ní ìkókó, tí wọ́n gbé padà nígbà tó ti ń lọ sí sùkúù, tó ń pe ìyá rẹ̀ ní "mà" bí ẹni ń kí tíṣà. Ìyá mi kò lè sọ pé rárá fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, mà," ó sì lọ síbi tí a ti ń fọ abọ́, ó ṣí omi sílẹ̀, ó sunkún níbẹ̀. Èmi ni mo rí i. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti sọ Kúbúrá di ti ara mi, èmi ni mo ń fi ìka sí i lẹ́nu tó bá ń ké, mi ò sì mọ ibi tí Ìwó wà.

Bàbá mi dá sí i, wọ́n wá fẹnu kò pé kí Kúbúrá máa lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí Ìyá Àgbà tó lọ, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọjọ́ Àtàláátà, tí òyìnbó ń pè ní Túsìdeè, ni ìyá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé ọmọ, èmi gbé àpò ìgò wàrà, Ìyá Àgbà dúró sórí àtẹ̀gùn lókè, ó ń wò wá. Ìyá mi kan ilẹ̀kùn. Àǹtí Saroja ṣí i díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lára rẹ̀. Ó rí ọmọ, ojú rẹ̀ tàn, ó wá yí orí wo inú ilé rẹ̀ bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀, ojú náà sì yí padà. "Not now," ó wí. "Please. Half past four, you bring her. Not now." Ìyá mi ní, "Saroja, I have to be at work! We agreed!" Obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́, ó ń da ọwọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ṣéènì náà. Ó rọra ti ilẹ̀kùn padé mọ́ wa. Mo gbójú sókè. Ìyá Àgbà ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ọmọ.

"Ó ti tán," ó wí. "Ẹ ò rí i bí? Ó lẹ́nì kan tó ń fọwọ́ sí nǹkan fún un nínú ilé yẹn. Ó yíjú, ó bi í, wọ́n ní kó dúró. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ, ìyàwó mi. Ọmọ mi ti ń bá mi lọ." Nígbà tí bàbá mi dé, wọ́n sọ fún un, ó fi ọwọ́ pa orí. Ó ní òun á lọ bá àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Sátidé. Kò bínú, kò sì dunnú. Títí di òní, mo máa ń bi ara mi pé ṣé ó wù ú ni, àbí ó rẹ̀ ẹ́.

Ìyá Àgbà kì í dájọ́ láìṣe ìwádìí ṣá, ó fẹ́ mọ ẹni tó wà nínú ilé yẹn. Ló bá fọ àwọn abọ́ irin tó ti jọ sọ́dọ̀ wa, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n dá wọn padà, kí n la ojú mi dáadáa, kí n má sì jẹ ohunkóhun. Mo lọ. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ ju Àǹtí Saroja àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Àmọ́ mo rí ohun tó yíjú wò lọ́jọ́ náà. Kàlẹ́ńdà ni. Ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lára ògiri kíṣìnnì, nọ́ńbà tí mo mọ̀ wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, àwọn lẹ́tà wínníwínní tí mi ò mọ̀ sì yí i ká. Mo bi í léèrè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, ọjọ́ kì í yí padà láàárín òru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ìgbà tí oòrùn bá yọ ló ń yí. Ó ní òṣùpá náà ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó lè gùn ju ti oòrùn lọ tàbí kó kúrú jù ú. Ọjọ́ òṣùpá tí oòrùn bá bá nílẹ̀ nígbà tó ń yọ, òun ni wọ́n á fi ka ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á wọlé lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, á sì jáde kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ, wọ́n á fo nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, oòrùn á bá ẹyọ kan náà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí oṣù òṣùpá bá sì ti sá jìnnà sí ọdún oòrùn, wọ́n á fi odindi oṣù kan kún un kí àwọn méjèèjì lè tún bára wọn rìn.

Mo gun òkè padà, mo ka gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà níbi tó ti ń rẹ́ ilá. Ó gbọ́ ti òṣùpá, ó mi orí, torí pé òun náà mọ̀ pé òṣùpá là ń wò kí á tó gba ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi oṣù àfikún, ọ̀bẹ dúró. "Wọ́n fi oṣù kún un? Ta ló fún wọn? Ààwẹ̀ tiwa ń rìn láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, a kì í fi nǹkan kan dè é mọ́lẹ̀!" Ó ní kí n padà lọ, kí n lọ bi í pé kí ló dé tó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun. Mo padà lọ. Àǹtí Saroja ṣàlàyé pé àwọn máa ń pín ojúmọmọ, láti ìyọ oòrùn títí dé ìwọ̀ rẹ̀, sí ọ̀nà mẹ́jọ, pé ìpín kan nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ jẹ́ ti Ráhù. Ìpín yìí kì í ṣe ọ̀kan náà lójoojúmọ́, ti Túsìdeè máa ń bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, ó ń parí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní wàhálà, àmọ́ kí ọmọ wọ inú ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìbẹ̀rẹ̀ ńlá. Mo ní ta ni Ráhù. Ó ní orí kan ni, tí kò ní ara, tó máa ń gbé oòrùn mì. Èmi fúnra mi ti ń wo ilẹ̀kùn nígbà yẹn.

"Orí tí kò ní ara!" Ìyá Àgbà ké, ó káwọ́ lérí. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi, ó sọ ọ́ fún bàbá mi, ó sọ ọ́ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó ti ń kó aṣọ Kúbúrá sínú báàgì. Ìyá mi ń ká àwọn aṣọ náà fún un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo sì kórìíra gbogbo wọn pátá, àti Ráhù pẹ̀lú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Àgbà ṣáà ń rò ó. Ó pè mí. "Àkókò Ráhù yìí, báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n?" Mo ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà, aago báyìí sí aago báyìí. "Níbo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?" Mo ní Madras, ìlú rẹ̀ nílé. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. "Oòrùn ibo wá ni wọ́n fi kà á?" Ó wé gèlè rẹ̀. Ó ní kí n wọ bàtà.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilé náà. Kò jókòó. Ó wo ibi tí agogo wà, ó wo àwọn àwòrán, ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. "Bi í pé nílé rẹ̀, tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán, níbo ni òjìji èèyàn máa ń wà." Àǹtí Saroja ní abẹ́ ẹsẹ̀ ni, tàbí ibi tó sún mọ́ ọn. Aago ara ògiri rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu méjìlá. Ìyá Àgbà dì í lọ́wọ́ mú bí ẹni mú olè, ó fà á jáde sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, sínú oòrùn. Aago lù nínú ilé. Òjìji wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí pákó, kò sí èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. "Oòrùn ò tíì yẹ àtàrí," Ìyá Àgbà wí. "Àyílà ò tíì wọlé. Ó tún kù. Àlàásárì ibí ò sì jọ ti Ìwó rárá, ojúmọ́ wọn gùn jù. Sọ fún un. Sọ fún un pé oòrùn ilé ló ń kà níbí." Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó dá mi lójú pé Ìyá Àgbà rò pé òun ti mú òpùrọ́ lọ́wọ́. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń retí kí obìnrin náà máa ṣàwíjàre.

Àǹtí Saroja wo òjìji rẹ̀ títí. Ó ní nílé, bàbá òun ló máa ń ṣírò rẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ, òun kàn ń kà á lára ògiri ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò nǹkan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ní tí a bá fi oòrùn Chicago kà á, ìgbà tí òun ní kí a gbé ọmọ wá lọ́jọ́ Túsìdeè, Ráhù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, ìgbà tí òun lé wa ló mọ́ tónítóní. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn náà lójijì. "Èmi ni mo mú wákàtí tí ọkọ mi wọ ọsibítù," ó wí. "Dókítà ní kó yan èyí tó bá wù ú. Èmi ni mo yàn án. Mo wo kàlẹ́ńdà yẹn níbí, mo yàn án, kò sì padà wálé."

"Kí ló wí?" Ìyá Àgbà bi mí. Mi ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Reluwé kọjá, àtẹ̀gùn náà gbọ̀n lábẹ́ wa. Ìyá Àgbà wá tẹ̀ kóó, ó jókòó ti Àǹtí Saroja, ó fi etí ìbòrùn rẹ̀ nu ojú fún un. "Sọ fún un pé Ọlọ́run ló pe ọkọ rẹ̀. Sọ fún un pé èmi náà sin ọkọ, mi ò sì ní kàlẹ́ńdà kankan lára ògiri." Mo sọ ọ́ fún un. Lórí àtẹ̀gùn, bí a ṣe ń gòkè padà, Ìyá Àgbà dúró láti mí. Ó ní ẹ̀rù tó ba obìnrin yẹn nítorí Kúbúrá lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù òótọ́ ni, ẹni tó fẹ́ fi ọmọ ṣe nǹkan kò ní máa wá wákàtí tó dáa fún un. Nígbà tí bàbá mi délé, Ìyá Àgbà ní kó má wulẹ̀ lọ síbi tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, kò lè dìde. Ìyá Àgbà ní kó dìde jàre, kó lọ tú báàgì náà. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọ̀ mí pé kí n máa yẹ ara ọmọ wò dáadáa lójoojúmọ́ tó bá ti ìsàlẹ̀ dé.

Ọjọ́ Àlàrùbá kan, Ọjọ́rú, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ni Ìyá Àgbà lọ. Kúbúrá ti mọ Àǹtí Saroja dáadáa nígbà náà, òun ló gbé e dání ní ẹnu ọ̀nà wa. Obìnrin náà ti ń gé ibi tí wọ́n máa ń kọ ìyọ oòrùn àti ìwọ̀ rẹ̀ sí nínú ìwé ìròyìn, ó ti fi pẹ́ńsù ṣírò tirẹ̀. Ó rọra sọ fún mi pé àkókò tí màmá wa fẹ́ jáde nílé bọ́ sínú ìpín Ráhù, pé Ráhù máa tó lọ, kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi, tó ti gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀, jó bí iná. "Mọ́mì, flight ò ní dúró de orí tí ò ní ara o! Traffic ti pọ̀ lọ́nà O'Hare!" Ìyá Àgbà fara mọ́ ọn kíá. Ó ní Mùsùlùmí ni òun, òun ò mọ Ráhù, òun ò mọ ẹbí rẹ̀. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó mú àpò rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. "Tẹ̀sùbáà mi dà?" ó wí.

Gbogbo ilé dà rú nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà náà. Bàbá mi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá mi ń wo ẹ̀yìn sítóòfù, Ìyá Àgbà jókòó sórí àga pẹ̀lú kóòtù lára nínú ooru yẹn, ó ń dárúkọ ibi tí wọn ò tíì wò. Èmi tẹ̀ láti wo abẹ́ àga náà, mo sì rí i. Tẹ̀sùbáà náà wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti tì í bọ inú apá kóòtù. Mo gbé ojú sókè. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó wò mí títí ẹnu tí mo fẹ́ ṣí fi padé, ó wá ní kí n lọ bá òun wo ibi tí òjìji dé lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé ó ti nà dáadáa, ó wo Àǹtí Saroja, Àǹtí Saroja wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì mi orí.

Ìyá Àgbà dìde. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kúbúrá, kò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. "Mo ti rí i," ó ké sí bàbá mi. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."